Ọmọ tí ẹ ń kọ́ lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣé ẹ mọ ilé rẹ̀?

  

Wọ́n ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí bá a ṣe ń darí iṣẹ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ, àti bí iṣẹ́ náà ṣe lè ran àwọn ìdílé lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo wa la jẹ́ Kristẹni nínú ẹgbẹ́ yìí. Ẹ̀yin Àlàájì àti Àlàájà wa, ẹ má tíì pa fóònù yín dé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kan ilé-kéú bó ṣe kan ṣọ́ọ̀ṣì, torí àdúgbò kan náà ni gbogbo àwọn ọmọ yìí ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣe ń ṣe é. Wọ́n á kó àwọn ọmọ lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, sábẹ́ kánópì, tàbí sínú yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Wọ́n á kó ọgọ́ta ọmọ lé áńtí kan lọ́wọ́, tí òun fúnra rẹ̀ ò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ohun kan tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ariwo má dé inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Bí ariwo ò bá dé, áńtí ṣe dáadáa. Bí pásítọ̀ bá gbọ́ ẹkún ọmọ nígbà tó ń wàásù lọ́wọ́, áńtí wọ ìjọ̀ngbọ̀n nìyẹn.

Wákàtí méjì, bóyá mẹ́ta, ni ọmọ ń lò lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Ìsinmi. Wákàtí 168 ló wà nínú ọ̀sẹ̀ kan. Ilé, ilé-ìwé àti títì ló ni gbogbo ìyókù. Torí náà, lójú tèmi, ẹni tó bá ń darí ẹ̀ka ọmọdé tí kò mọ ilé tí ọmọ ti ń wá àti ilé tó ń padà sí, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà, bó ti wù kó mọ orin kọ tó.

Láyé àwọn bàbá wa, èyí ò le tó báyìí. Àwórí ni wá, agbo ilé ló ń tọ́ ọmọ. Bí ìyá ọmọ bá lọ sọ́jà, ìyáálé wà nílé, bàbá àgbà wà lábẹ́ igi. Àjèjì ò lè fa ọmọ lọ́wọ́ jáde kí wọ́n má bi í pé, "Ìwọ, níbo lò ń mú u lọ?" Ẹ wá wo Òkè-Odò òní. A ti ta ilẹ̀, wọ́n ti kọ́lé, ayálégbé ti kún. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, èèyàn 1,277,714 ni wọ́n kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Àlímọ̀ṣọ́, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà ńkọ́? Ẹ lọ dúró ní Abúlé Ẹ̀gbá ní aago márùn-ún ìdájí, kẹ́ ẹ wo àwọn tó tò sórí ìlà láti wọ bọ́ọ̀sì BRT lọ sí Òṣòdì. Òbí ni púpọ̀ nínú wọn. Ọmọ ṣì ń sùn nígbà tí wọ́n jáde nílé, á sì ti sùn kí wọ́n tó dé. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ló ń wẹ̀ fún àbúrò, kọ́kọ́rọ́ ilé sì wà lọ́rùn rẹ̀ bí ẹ̀gbà.

Àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ń dá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Áńtí tó ń kọ́ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi wà lára àwọn àgbàlagbà díẹ̀ tó ń wo ojú wọn tààrà láàárín ọ̀sẹ̀.

Iṣẹ́ yìí pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Ẹ jẹ́ ká dé Ìbàdàn díẹ̀. Ní ọdún 1853, David Hinderer, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tí CMS rán wá, dé Ìbàdàn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Anna, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Kí Anna tó kúrò nílùú òyìnbó ló ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Sunday school ní ìlú Lowestoft. Ìlú jagunjagun ni Ìbàdàn nígbà náà. Ẹ̀rù ń ba àwọn òbí pé ìwé á sọ ọmọ wọn di ojo. Nígbà náà ni Olóyè Olúnlóyọ̀ mú ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, ó fà wọ́n lé àwọn Hinderer lọ́wọ́ pé kí wọ́n kọ́ wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í gbé ọmọ fún ẹni tí kò fọkàn tán. Kí ẹnu ìwàásù tó wọlé, ìfọkàntán ti wọlé.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà etíkun dí, owó ò wọlé mọ́. Ẹrù inú ilé ni tọkọtaya náà ń tà kí wọ́n lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Anna kú ní 1870. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára St. Anne's School ní Mọ́lété títí dòní.

Ohun kan wà tí mi ò ní kẹ́ ẹ kọ́ lára rẹ̀ ṣá. Ó kó ọmọ sínú ilé ara rẹ̀. Lásìkò tirẹ̀, ó lè jẹ́ ọ̀nà tó là nìyẹn. Lónìí, ẹ jọ̀ọ́, kí ìjọ kankan má kó ọmọ ọlọ́mọ lọ máa gbé ní mission house. Ní oṣù Keje ọdún 2022, ọlọ́pàá kó èèyàn 77 jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan nílùú Oǹdó, ọmọdé wà láàárín wọn. Gbogbo wa la gbọ́ ìròyìn yẹn. Ọmọ ní ilé. Ilé yẹn ni ká ràn lọ́wọ́ kó lè gba ọmọ dúró.

Ó yá, iṣẹ́ gan-an ńkọ́? Rẹ́jísítà ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò dárúkọ Bíbélì torí mo mọ̀ pé ẹ ti ní ìyẹn. Ìwé tí ọmọ ń rà lọ sílé-ìwé ti tó. Ọ̀pọ̀ kíláàsì kàn ń sàmì pé ọmọ wá tàbí kò wá. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń tọ́ ọmọ náà sí i, ìyá ni o, bàbá ni o, ìyá àgbà ni o. Ẹ kọ ilé tó ń gbé, àti àmì téèyàn lè fi mọ ilé náà, torí ẹ mọ bí nọ́ńbà ilé ṣe rí ládùúgbò wa. Nọ́ńbà fóònù méjì. Ilé-ìwé rẹ̀. Àìsàn tó ń ṣe é, oúnjẹ tí kò bá a lára mu. Lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn tó lè wá mú un lọ sílé lẹ́yìn ìsìn. Kí ìwé náà wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, kó má máa ti ọwọ́ dé ọwọ́, torí àṣírí ilé onílé ló wà nínú rẹ̀.

Bí ọmọ ò bá wá lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ ìrìn-àjò. Bí kò bá wá lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra, kí èèyàn méjì lọ sílé rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé dára. Ẹ kan ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ dúró síta títí wọ́n á fi ní kẹ́ ẹ wọlé. Bó bá jẹ́ yàrá kan ṣoṣo, tí wọ́n ń dáná ní kọ́rídọ̀, ẹ má máa yí ojú kiri bíi wolé-wolé. Ibi tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ jókòó ni kẹ́ ẹ jókòó. Omi tí wọ́n bá gbé fún yín, ẹ mu ún. Ẹ má sì ti ẹnu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. "A ò rí ọ̀rẹ́ wa láti ọjọ́ méjì, la ní ká wá kí yín." Ó tó.

Ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Ọmọ tó máa ń sùn ní kíláàsì, tí áńtí ń pariwo mọ́: omi inú ọ̀rá ló ń tà ní Ilé-Epo títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé. Ọmọ tó ń bá gbogbo èèyàn jà: bàbá rẹ̀ ti kó jáde nílé. Ọmọbìnrin kan wà tó mọ ẹsẹ Bíbélì lórí ju gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, a ò kàn rí i mọ́. Bàtà rẹ̀ ló já, ojú sì ń ti ìyá rẹ̀ láti sọ. Bàtà o! Nínú ìjọ tó ń ra àga tuntun.

Níbi tí mo dé yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ìkórè àwọn ọmọdé. Bó bá bí ẹnikẹ́ni nínú, kó foríjì mí. Ìkórè dára. Ọmọ á kọrin, á ṣe eré Dáfídì àti Gòláyátì, ìyá á jó. Ṣùgbọ́n bá a bá fún ọmọ ọdún méje ní àpò ìwé pé kó kó owó wá, tá a wá ń pe orúkọ àti iye lórí makirofóònù, tá a tún ní kí gbogbo kíláàsì ra aṣọ ẹgbẹ́, ọmọ tálákà ò ní wá lọ́jọ́ náà. Ojú á tún máa tì í láti wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ lọ yẹ rẹ́jísítà yín wò lẹ́yìn ìkórè, ẹ ka àwọn tí ẹ ò rí mọ́. Èrò tèmi ni pé kí ìjọ má pe iye owó ọmọ kankan mọ́, kí aṣọ tó wà nílé sì tó. Àwọn alàgbà kan ti sọ fún mi pé owó ìkórè á dín kù. Ó lè dín kù lóòótọ́.

Ní ti ìrànlọ́wọ́ owó, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ san owó ilé-ìwé, ẹ san án fún ilé-ìwé, kẹ́ ẹ fún òbí ní rìsíìtì. Ẹ má pe òbí síwájú ìjọ pé kó wá dúpẹ́. Bí ìyá bá dúpẹ́ lójú gbogbo èèyàn lẹ́ẹ̀kan, ọmọ rẹ̀ á máa gbọ́ ọ ní kíláàsì títí ọdún á fi parí pé, "Ṣebí àwa la ń bọ́ yín." Ẹ tún wádìí ètò ìlera ìpínlẹ̀ wa, Ìlera Èkó. Ó ní ti ìdílé, tó wà fún bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18. Bí ìjọ bá san ti ọdún kan fún ìdílé mẹ́ta péré, ó sàn ju bisikíìtì àti fèrè Kérésìmesì lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlera ló mú mi dé ibi tó ń dùn mí jù. Ọmọ kan wà tó ń ṣàìsàn lemọ́lemọ́. Egungun ń ro ó, ojú rẹ̀ ń pọ́n rúsúrúsú, ó rù. Kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ? Ẹmẹ̀rẹ̀ ni, àbíkú ni, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Wọ́n á ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Fòníkú-fọ̀ladìde tí àwọn àgbà ń wí, àrùn ẹ̀jẹ̀ SS ni, inú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti ìyá ló ti ń wá. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ ní Jẹ́nẹ́rà Ìgàndó níbí, ẹ ò ní láti rìn jìnnà. Ẹ gbàdúrà o, kò sí ẹni tó ní kẹ́ ẹ má gbàdúrà. Ẹ gbà á nígbà tí oògùn ti wọnú ọmọ.

Èyí tó ń tọ̀ sílé ńkọ́, èyí tó ń dá sọ̀rọ̀, èyí tó lágídí? Wọ́n á ní kó jẹ́wọ́ pé àjẹ́ ni òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ ò ní gbàgbé Victoria Climbié. Ọmọ Côte d'Ivoire ni, àǹtí bàbá rẹ̀ ló mú un lọ sí Yúróòpù pé òun fẹ́ lọ tọ́ ọ kó lè kàwé. Ẹ kíyè sí i, bí àwa náà ṣe ń fi ọmọ ránṣẹ́ sílé ẹbí nìyẹn. Wọ́n fìyà jẹ ọmọ náà títí ó fi kú ní oṣù Kejì ọdún 2000, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Àpá 128 ni dókítà kà sí ara rẹ̀. Wọ́n ti mú un dé ṣọ́ọ̀ṣì kí ó tó kú. Pásítọ̀ rí i, ó sì rò pé ẹ̀mí àìmọ́ ló ń bá a jà. Ilé-ìwòsàn àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà rí i, wọ́n jẹ́ kó padà sílé. Ìwádìí tí Lord Laming ṣe lórí ikú ọmọ yìí ló wà lára ohun tó mú wọn ṣe òfin tuntun lórí ọmọdé, Children Act ti 2004. Mò ń sọ ọ́ torí pé ṣọ́ọ̀ṣì tó rí i yẹn, bí tiwa ló rí. Orin wà níbẹ̀, àdúrà wà níbẹ̀. Ẹni tó máa ká apá aṣọ ọmọ sókè, kó bi í pé "Ta ló ṣe èyí?", ni kò sí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìjọ má fi ẹnikẹ́ni tó bá sáà ní òun fẹ́ràn ọmọdé ṣe olùkọ́. Ẹ béèrè ibi tó ti ń bọ̀, ẹ bá ìjọ tó ti kúrò sọ̀rọ̀. Kí olùkọ́ má dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tó tì, kó má dá mú ọmọ lọ sí ilé ìyàgbẹ́, kó má dá gbé ọmọ sínú mọ́tò. Pásítọ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ ni, mo ní pásítọ̀ pẹ̀lú, wòlíì pẹ̀lú, ààfáà pẹ̀lú. Bí ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí nínú rẹ́jísítà bá wá mú ọmọ, ẹ pe ìyá lórí fóònù, kódà bí ẹni náà bá ní àbúrò bàbá ọmọ ni òun. Ẹni tó bá jẹ́ àbúrò bàbá lóòótọ́ ò ní bínú.

Ẹ̀yin ará orí WhatsApp, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí. Ẹ máa ń fi fọ́tò ọmọdé ránṣẹ́ síbi gbogbo lẹ́yìn ìkórè, pẹ̀lú orúkọ, pẹ̀lú báàjì ilé-ìwé láyà aṣọ. Ẹ ò mọ ẹni tó máa gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí kẹ́ ẹ tó fi síta, kẹ́ ẹ sì yọ orúkọ kúrò.

Bí ọmọ bá wá sọ fún yín pé ẹnì kan ń fọwọ́ kan òun níbi tí kò yẹ, tàbí pé wọ́n ti fipá bá òun lò pọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ẹ má ní "Ṣé ó dá ọ lójú?" Ẹ má bi í ní ìbéèrè bíi lọ́yà. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó wẹ̀, ẹ má fọ aṣọ tó wọ̀, kẹ́ ẹ gbé e dé ilé-ìwòsàn kó tó pé wákàtí 72, torí oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV ò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Mirabel Centre wà nínú ọgbà LASUTH ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ tún fi tó DSVA létí, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíì ń rò. "Ẹ jẹ́ ká pe àwọn àgbà, ká parí ẹ̀ nílé, ká má ba orúkọ ìjọ jẹ́, ká má ba ayé ọmọ náà jẹ́, ta ló máa fẹ́ ẹ lọ́la?" Ẹ̀yin àgbà mi, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ohun tí àgbà lè parí. Ẹ̀wọ̀n gbére ni òfin ìwà ọ̀daràn ìpínlẹ̀ Èkó là sílẹ̀ fún ẹni tó bá bá ọmọdé lò pọ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìpínlẹ̀ wa náà wà láti ọdún 2007. Àgbà tó bá gba ìdọ̀bálẹ̀ ọ̀daràn, tó sì ní kí ìyá ọmọ lọ fọwọ́ wọ́nú, ọ̀dọ̀ ọmọ mìíràn ló ń rán ọ̀daràn náà lọ.

Kí ni mo fẹ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa? Mo mọ̀ pé ọdọọdún la máa ń pín ìwé àti báàgì fún àwọn ọmọ, ẹ ṣeun. Lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ ká fi díẹ̀ nínú owó yẹn pe àwọn olórí ẹ̀ka ọmọdé ní àwọn ìjọ wa, àti àwọn ààfáà ilé-kéú, sí ìkẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan. Ká bẹ DSVA kí wọ́n rán ẹnì kan wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ mọ̀ pé wọn ò lè gbà yín síbi iṣẹ́ ọmọdé lọ́hùn-ún láìṣe àyẹ̀wò DBS. Ìjọ tẹ́ ẹ ń lọ níbẹ̀ ní ìlànà tí wọ́n kọ sílẹ̀ lórí ààbò ọmọdé. Ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a óò tú u sí Yorùbá, a óò yọ ohun tí kò bá ibí mu.

Owó nìkan ò sì tó. Èèyàn tó máa bá wa lọ kí àwọn ilé yìí la nílò. Ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, tẹ́ ẹ mọ gbogbo agbo ilé láti ibí dé Ẹkọrọ, ẹ̀yin lẹ yẹ iṣẹ́ yìí jù, torí ẹnikẹ́ni ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá àgbà. Ìwé kan wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà, lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ kọ orúkọ yín sí i, àdúgbò tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa, àti ọjọ́ tí ọwọ́ yín máa ń dilẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á lórí fóònù, ẹ kọ tiyín ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí oṣù yìí tó parí. A óò pín àwọn òpópónà ní ìpàdé tó ń bọ̀.